Ẹrù Dídì fún Ọkọ̀ Afẹ́ ní Nọ́wè Nígbà Sọ́mà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Gbéra láti Àbújá

"Ṣebí sọ́mà ni, kí la fẹ́ fi súwẹ́tà ṣe?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn òbí tí ọmọ wọn ní Ìlú Ọba ti sanwó ọkọ̀ ojú omi afẹ́ (cruise) fún, àti àwọn tọkọtaya tó ń ti Àbújá, Kàdúná tàbí Jos lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Sọ́mà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sọ́mà àríwá Nọ́wè yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ara wa mọ̀. Atẹ́gùn àti òjò ló ń fìyà jẹ èèyàn jù lórí omi yẹn. Bí ẹ bá di ẹrù yín nítorí àwọn méjèèjì, ẹ ó jẹ̀gbádùn owó yín. Bí ẹ bá ra kóòtù ńlá kan ṣoṣo tí ẹ sì gbójú lé e, ẹ ó máa làágùn nínú ọkọ̀, ẹ ó sì máa gbọ̀n níta.

Ìrìn àjò ọjọ́ 7 sí 14 la kọ èyí fún, láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, nínú ọkọ̀ ńlá tó ń gbéra láti Southampton tàbí èbúté mìíràn ní Yúróòpù. Ẹni tó ń lọ sí Iceland tàbí Alaska lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

## Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọkọ̀ ń lọ

Ẹ má ra ìbọ̀sẹ̀ kan tí ẹ kò bá tíì rí orúkọ gbogbo èbúté tí ọkọ̀ yín máa dúró sí. Gúúsù Nọ́wè àti àríwá rẹ̀ jìnnà síra wọn gan-an, ẹrù wọn kò sì lè rí bákan náà. Ohun tí ẹ lè retí lọ́sàn-án nìyí:

- Bergen, Flåm, Geiranger, Ålesund: dígírì 14 sí 19, pẹ̀lú òjò. Ní Bergen, òjò máa ń rọ̀ ní ọjọ́ tó ju 200 lọ lọ́dún. Oòrùn lè ràn dé dígírì 25 lónìí, kó wá di 12 lọ́la.
- Lofoten àti Tromsø: dígírì 10 sí 15.
- Honningsvåg àti Nordkapp: dígírì 7 sí 13, pẹ̀lú kùrukùru àti atẹ́gùn líle. Orí òkè gbalasa ni Nordkapp, ó fi mítà 307 ga ju òkun lọ, kò sì sí igi kankan tí èèyàn lè sá sí abẹ́ rẹ̀.
- Longyearbyen ní Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè tó wà ní àríwá pátápátá: dígírì 3 sí 8.

Ẹni tó ti sun Jos rí nínú oṣù kìíní mọ bí dígírì 10 ṣe ń rí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n gbígbẹ ni ọyẹ́ Jos gbẹ, ti Nọ́wè lómi nínú. Ẹ wá fi ìrìn ọkọ̀ kún un. Ọkọ̀ tó ń lọ ní nọ́ọ̀tì 20 ń mú atẹ́gùn bíi kìlómítà 37 ní wákàtí kan wá bá ẹni tó dúró lórí dẹ́ẹ̀kì, bí ewé kankan ò tilẹ̀ mì ní etíkun. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní dígírì 8, bíi 3 tàbí 4 ni awọ ara máa gbà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó bá wo fóònù wọn láàárọ̀, tí wọ́n rí "8", tí wọ́n sì jáde pẹ̀lú kádígáànì, fi máa ń sáré padà wọlé.

Òkè náà ní tirẹ̀. Bí èèyàn bá gun mítà 1,000, òtútù á fi nǹkan bíi dígírì 6 le sí i. Rélùwéè Flåm ń gbé èèyàn láti etí omi lọ sí Myrdal, tó ga ní mítà 867. Dalsnibba, tí wọ́n máa ń fi bọ́ọ̀sì gbé èrò lọ láti Geiranger, ga tó nǹkan bíi mítà 1,500. Ẹ lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì péré nísàlẹ̀ kí ẹ sì bá òjò dídì nílẹ̀ lókè. Bí ẹ bá ti sanwó fún irú ìjáde bẹ́ẹ̀, ẹ gbé gbogbo ìpele aṣọ yín dání, ohun yòówù kí oòrùn máa ṣe ní èbúté.

## Ìwé tó gbọ́dọ̀ wà kí ẹrù tó wà

Ní kúkúrú:

- Físà Ìlú Ọba, bí ọkọ̀ bá gbéra láti Southampton, àti físà Schengen (físà kan náà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò) fún Nọ́wè. Ọ̀kan kò lè dípò èkejì.
- Svalbard kò sí lára Schengen. Bí ọkọ̀ bá dé Longyearbyen tó sì tún padà sí èbúté Nọ́wè, ìwọlé méjì ni ẹ ó lò. Ẹ béèrè fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.
- Ìwé adójútòfò ìlera tó tó €30,000 ó kéré tán fún físà Schengen. Ẹ rí i pé ó bo gbígbé aláìsàn kúrò lórí omi, nítorí owó ńlá ni ìyẹn.
- Káàdì yẹ́lò (ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú), fún ìpadàbọ̀ yín sílé.

## Aṣọ: ìpele mẹ́ta

Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ kan sí èkejì ló ń mú ara gbóná. Aṣọ mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ ń ṣiṣẹ́ ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, ẹ sì lè bọ́ ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí ara bá gbóná. Nínú ọkọ̀, ilé ìtura ni. Ooru wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

1. Èyí tó kan ara. Thermal alápá gígùn àti ṣòkòtò rẹ̀, tí wọ́n fi irun àgùntàn merino tàbí polyester ṣe. Ẹ má fi òwú ṣe ìpele yìí. Òwú ń mu òógùn, kì í tètè gbẹ, omi tó bá wà nínú rẹ̀ á sì máa fa ooru kúrò lára yín. Fún ọjọ́ 12, ẹ̀wù 3 àti ṣòkòtò 2 tó. Merino ṣeé wọ̀ ní ìgbà méjì mẹ́ta kó tó di fífọ̀, bí ẹ bá ṣáà ti ń fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ lálẹ́.

2. Èyí tó ń pa ooru mọ́. Fleece (aṣọ òtútù múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi polyester ṣe) 2, ọ̀kan fẹ́lẹ́, ọ̀kan nípọn. Ẹ lè fi jákẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ tó ṣeé ká rọ́pò èyí tó nípọn. Bí ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú jákẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má jẹ́ kí òjò kàn án, nítorí bí ìyẹ́ bá ti tutù, ó ti parí iṣẹ́. Fún ibi olójò bíi Bergen, èyí tí wọ́n fi polyester kún dára jù.

3. Èyí tó ń lé atẹ́gùn àti òjò. Owó yín níbí ni kó lọ jù. Jákẹ́ẹ̀tì òjò tó ní ìborí, tó gùn bo ìdí, tí wọ́n kọ 10,000 mm (ìwọ̀n bí aṣọ ṣe ń dí omi tó) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí wọ́n sì lẹ téèpù mọ́ gbogbo ojú rírán rẹ̀ nínú. Ẹ fi ṣòkòtò òjò 1 tì í, èyí tó ní síìpù lẹ́sẹ̀, kí ẹ lè wọ̀ ọ́ láì bọ́ bàtà. Agboòrùn kò wúlò púpọ̀ níbẹ̀. Atẹ́gùn á kàn dorí rẹ̀ kodò ni.

Ẹ rà á tóbi. Ìpele kẹta gbọ́dọ̀ wọlé sórí méjì àkọ́kọ́ láì fún yín lápá. Ẹni tó bá dán jákẹ́ẹ̀tì wò sórí ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ní ṣọ́ọ̀bù á rí i pé síìpù kọ̀ láti padé nígbà tó bá dé orí omi.

Ìyókù:

- Fìlà wúùlù 2 tó bo etí. Abetí ajá yín lẹ́wà lálẹ́ gálà (alẹ́ tí èrò ọkọ̀ máa ń múra), ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gba inú aṣọ òkè kọjá.
- Ìbọ̀wọ́ 2: fẹ́lẹ́ kan tó ṣeé fi tẹ fóònù, àti èyí tí omi kò lè wọ̀.
- Ìbòrùn roboto 1 tó ṣeé fà bo imú.
- Ìbọ̀sẹ̀ wúùlù 4.
- Ṣòkòtò 3 tó ń tètè gbẹ. Jíǹsì ẹyọ kan péré, kó jẹ́ èyí tí ẹ ó wọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú: ó wúwo, òwú ni, bí òjò bá sì pa á lónìí, kò dájú pé á gbẹ lọ́la.
- Ẹ̀wù fífúyẹ́ 5 tàbí 6, títí kan ańkárá, fún inú ọkọ̀.
- Àwọ̀tẹ́lẹ̀ 8. Wọ́n ń fọṣọ nínú ọkọ̀.
- Aṣọ ìwẹ̀. Omi gbígbóná ló máa ń wà nínú adágún ìwẹ̀ wọn, ó sì máa ń dun àwọn tí kò mú un wá.

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin tó ń lo híjáàbù, ẹ yan èyí tó ń nà tó sì lẹ̀ mọ́ orí, kí ẹ ki etí rẹ̀ bọ inú jákẹ́ẹ̀tì. Ṣífọ́ọ̀nù á máa fò bò yín lójú, pàápàá lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, níbi tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà lára irin. Jilbáàbù gígùn náà ń gba atẹ́gùn sára. Síkẹ́ẹ̀tì tó mọ níwọ̀n pẹ̀lú ṣòkòtò thermal lábẹ́ rẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún àwọn ọmọdé, ẹ dì í bákan náà, kí ẹ fi ìbọ̀wọ́ méjì kún un. Ìbọ̀wọ́ ọmọdé kì í pẹ́ sọnù.

## Bí ẹ bá fẹ́ ra òkìríkà

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Fleece tó dáa, tí wọ́n ti lò díẹ̀, ń ṣiṣẹ́ bíi tuntun. Ẹ lè rí i ní ọjà Wúsè, Utako tàbí Mararaba, ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ lọ, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, nígbà tí àwọn oníṣòwò tú béèlì aṣọ òtútù. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹfà kó tó wá súwẹ́tà ní Àbújá á bá àṣẹ́kù ni, ní iye tó wu olówó ọjà.

Bí ẹ bá dé ìdí àtẹ:

1. Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó fọwọ́ pa aṣọ náà. Ẹ wá "wool", "merino" tàbí "polyester". Bí ó bá jẹ́ "100% cotton", ẹ dá a padà, bó ti wù kó nípọn tó.
2. Ẹ yí jákẹ́ẹ̀tì òjò padà sí inú. Ẹ wo téèpù tó wà lójú rírán. Bí ó bá ti ń ṣí, tàbí tí nǹkan funfun bíi èépá ń já bọ́ sí yín lọ́wọ́, ìpele tó ń dí omi ti kú. Fífọ̀ kò lè jí i.
3. Ẹ bu omi dání. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ oníṣòwò, ẹ fi tíṣù sábẹ́ èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà, ẹ da ìdajì ife omi lé e, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí tíṣù bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Èjìká ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, níbi tí okùn báàgì ti máa ń ha á.
4. Ẹ fa síìpù lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ọwọ́ kan. Síìpù tó ń há lọ́jà kò ní gbà fún ìka tó ti kú sí òtútù.
5. Ẹ gbóòórùn abíyá. Òórùn òógùn tó ti wọ inú polyester kì í sábà jáde mọ́.

Thermal àti ìbọ̀sẹ̀, ẹ ra tuntun. Bí jákẹ́ẹ̀tì òjò tó dáa kò bá sí lọ́jà, ẹ ní kí ọmọ tàbí àbúrò yín tó wà ní Ìlú Ọba rà á sílẹ̀ dè yín. Ó sàn ju kí ẹ ra ayédèrú ní owó gidi. Kí wọ́n gbà á sílé tiwọn. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí èbúté.

## Bàtà

Bàtà ìrìn 1 tí omi kò lè wọ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín, ló ṣe pàtàkì jù. Òkúta etí omi àti pákó dẹ́ẹ̀kì máa ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Ẹ fi bàtà fífúyẹ́ fún inú ọkọ̀, bàtà alẹ́, àti sílípáàsì kún un, ó parí.

Ẹ ṣọ́ra fún bàtà òkìríkà tó dà bíi tuntun. Àtẹ́lẹsẹ̀ onífóòmù tó ti jókòó fún ọdún púpọ̀ nínú kọ́ńtínà tàbí ṣọ́ọ̀bù á ti jẹrà láti inú. Ojú rẹ̀ á máa dán, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá fi rìn, á ṣí láàárín ìlú. Ẹ tẹ bàtà náà po pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ó bá sán, tàbí tó bá ń rún, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ wúùlù ń gba àyè. Òun ni kí ẹ wọ̀ lọ ra bàtà, kí ẹ sì mú èyí tó fi díẹ̀ tóbi. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta: ẹ lọ yí adágún Jabi ká, tàbí kí ẹ fi lọ sọ́jà. Bàtà tuntun tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ní Bergen á fi egbò bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò yín.

## Alẹ́ gálà

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní alẹ́ kan sí mẹ́ta tí wọ́n ń fẹ́ kí èèyàn múra. Ẹ kò nílò kóòtù àti táì. Agbádá, bùbá àti ṣòkòtò, ìró àti bùbá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà sí aṣọ ìmúròde, ó sì yẹ ká wọ̀ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Ìwúwo ni kí ẹ rò. Agbádá aṣọ òkè pẹ̀lú ṣòkòtò àti fìlà lè jẹ kìlógíráàmù méjì nínú 23 tí wọ́n fún yín. Léèsì tàbí àdìrẹ sílíkì á fúyẹ́ ju ìyẹn lọ. Ẹyọ kan tó fún alẹ́ méjì, bí ẹ bá pààrọ̀ fìlà tàbí gèlè.

Gèlè tí wọ́n ti rán sílẹ̀ máa ń tẹ̀ nínú àpótí. Ẹ fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ kún inú rẹ̀ kó lè dúró, tàbí kí ẹ mú gèlè títẹ́ kí ẹ wé e níbẹ̀. Ẹ yan aṣọ tí kì í rún, nítorí áyọ́ọ̀nù wà lára ohun tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ yín.

## Awọ ara, oògùn, oorun, ìrun

Awọ ara. Òrí gidi kò ní àfirọ́pò lójú atẹ́gùn yẹn. Ẹ fi pa ojú, ètè àti ẹ̀yìn ọwọ́ kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sínú báàgì ọwọ́, ike rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlílítà 100 lọ, nítorí bí omi ni wọ́n ṣe ń ka ìpara ní pápákọ̀ òfurufú. Ìyókù, inú àpótí ńlá. Ẹ mú gíláàsì oòrùn pẹ̀lú. Omi àti òjò dídì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà síni lójú.

Èébì orí omi. Òkun àríwá lè ru láti ọjọ́ kejì. Ẹ béèrè oògùn bíi cinnarizine lọ́wọ́ oníṣègùn tàbí apoògùn yín, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn mìíràn. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n ń lò ó, ó kéré tán wákàtí 2 ṣáájú. Ẹni tó dúró kí inú tó rú kó tó gbé e mì á kàn pọ̀ ọ́ jáde ni. Ó ń mú èèyàn tòògbé, ẹ má fi ọtí tì í. Atalẹ̀ gbígbẹ náà máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́.

Oògùn ojoojúmọ́. Ẹ mú iye tó tó ìrìn àjò náà, kí ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ kan lé e. Inú páálí rẹ̀ ni kó wà, pẹ̀lú ìwé dókítà, gbogbo rẹ̀ nínú báàgì ọwọ́. Ẹ má tú oògùn sínú ọ̀rá kan pọ̀. Oògùn tó ní codeine tàbí tramadol kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kọjá ẹnubodè láìní ìwé.

Bí ibà bá mú yín nínú ọkọ̀, ẹ sọ fún dókítà ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀ àti pé kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà ẹ̀fọn. Òun lè máa rò pé òtútù lásán ni.

Oorun. Ní Nordkapp, oòrùn kì í wọ̀ láti àárín oṣù karùn-ún títí di òpin oṣù keje. Ní Tromsø, ó tó oṣù méjì. Kódà ní Bergen, ilẹ̀ kì í ṣú tán nínú oṣù kẹfà. Ẹ mú ìbòjú ìsùn, àti ẹ̀mú aṣọ mẹ́rin tí ẹ ó fi pa kọ́tìnì pọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé.

Ìrun. Ibi tí oòrùn kì í wọ̀, àkókò Mọ̀gíríbì àti Íṣáì á di ìbéèrè. Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ bi àfáà yín, kí ẹ sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Ẹ bi í nípa fífọwọ́ pa ìbọ̀sẹ̀ nígbà àlùwàlá pẹ̀lú, òtútù á jẹ́ kí ẹ nílò rẹ̀. Ọkọ̀ ń yí, Kíbúlà náà sì ń yí. Kọ́ńpáàsì inú fóònù ni kí ẹ wò ní gbogbo ìrun, ẹ má gbójú lé ògiri tí ẹ kọjú sí lánàá. Ẹní ìrun fẹ́lẹ́ tó ṣeé ká kò gba àyè.

## Iná àti fóònù

Ihò roboto méjì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì Nọ́wè, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa kò ní wọ̀ ọ́. Adáptọ̀ 2 tó. Iná wọn jẹ́ fóltì (volt) 230, ṣájà yín á ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ yàtọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀.

Òtútù máa ń pa bátìrì fóònù kíákíá. Ẹ fi fóònù sí àpò inú, tó súnmọ́ ara, kí ẹ sì mú power bank 20,000 mAh kan. Èyí tó jẹ́ 74 Wh nìyẹn, kò sì kọjá 100 Wh tí ọkọ̀ òfurufú gbà láyè. Inú báàgì ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbé e sí. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté, ẹ fi fóònù sí "airplane mode", nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sátẹ́láìtì orí òkun lè jẹ owó yín tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

## Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ dì

- Kilishi, súyà, pọ̀ǹmọ́, wàrà. Ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ Nọ́wè tàbí Ìlú Ọba. Ó dunni, ṣùgbọ́n wọ́n á gbà á, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé e. Ata gígún díẹ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa á ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe lórí oúnjẹ wọn.
- Bọ́ìlà, hítà, kẹ́tùrù, áyọ́ọ̀nù. Iná lójú omi kì í ṣe eré. Wọ́n ń yẹ àpótí wò, wọ́n á sì mú un pamọ́ títí di ọjọ́ ìkẹyìn.
- Ẹ̀sítẹ́ńṣàn tó ní ohun ìdáàbòbò iná. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò gbà á.
- Àbẹ́là àti tùràrí. Ìdí kan náà.

## Báàgì ọwọ́: kí ó lè dá dúró fún ọjọ́ méjì

Láti Àbújá, ẹ ó pààrọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní ibì kan, ó lè jẹ́ Addis Ababa, Istanbul, Frankfurt tàbí ibòmíràn. Bí àpótí yín bá pẹ́ lẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi kò ní dúró dè é. Nítorí náà, ẹ dé ìlú tí ọkọ̀ ti ń gbéra ní ọjọ́ kan ṣáájú, ó kéré tán. Àti pé, ẹ wọ bàtà ìrìn yín lọ́nà, kí ẹ gbé jákẹ́ẹ̀tì òjò lápá. Àwọn méjèèjì ló ṣòro jù láti rí rà ní kánkán, àwọn náà ló sì wúwo jù nínú ẹrù.

Nínú báàgì ọwọ́:

- páásípọ́ọ̀tù, físà, tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé adójútòfò, àti ẹ̀dà wọn lórí fóònù
- gbogbo oògùn
- thermal 1, fleece 1, fìlà, ìbọ̀wọ́
- àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ ọjọ́ méjì
- power bank, ṣájà, adáptọ̀
- gíláàsì ojú, àti òrí kékeré

Ní èbúté, àwọn òṣìṣẹ́ á gba àpótí yín níta, ó sì lè di alẹ́ kó tó dé yàrá yín. Báàgì yìí náà ni ẹ ó máa lò títí dìgbà náà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ń jáde láti èbúté ni gbogbo èèyàn máa ń wà lórí dẹ́ẹ̀kì. Ẹni tí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú àpótí máa ń wo ìran náà láti ojú fèrèsé.

## Bí ẹ ṣe máa tò ó

1. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ kó gbogbo ẹ̀ lé orí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ tí kò bá bá ó kéré tán méjì mìíràn mu, ẹ dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.
2. Ẹ wọ ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá tí AC wà, kí ẹ gbé apá sókè, kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ jókòó. Ibi tó bá fún yín nísinsìnyí á fún yín ní Nordkapp.
3. Ẹ wọn àpótí náà lófìfo. Àpótí líle lè jẹ kìlógíráàmù 4 tàbí 5 kí ẹ tó fi nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ fojú sí 20 dípò 23, kí àyè lè wà fún ohun tí ẹ ó rà bọ̀.
4. Ẹ ká fleece róbótó, ẹ fi í yí inú àpótí ká. Bàtà lọ sí ìdí, ní ẹ̀gbẹ́ táyà, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ń dín fífẹ̀ ẹrù kù, kì í dín ìwúwo rẹ̀ kù. Òun ló sábà ń sọ àpótí di kìlógíráàmù 28 láì jẹ́ kí olúwa rẹ̀ fura.
5. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ pín in. Ìdajì aṣọ bàbá nínú àpótí màmá, ìdajì ti màmá nínú ti bàbá. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹnì kankan ò ní wà láìní aṣọ.
6. Ẹ fi ọ̀rá ńlá méjì sí òkè pátápátá fún aṣọ tútù. Wọn kì í gbà kí èèyàn sá aṣọ sí bákónì.
7. Káàdì orúkọ tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ fún yín, èbúté ni kí ẹ ti so ó mọ́ àpótí. Bí ẹ bá so ó láti Àbújá, ó lè ti já kó tó dé.

## Alẹ́ tó kẹ́yìn nínú ọkọ̀

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìbọ́sílẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ gbé àpótí síta ẹnu ọ̀nà yàrá kí ẹ tó sùn. Òru ni wọ́n ń kó o lọ, ẹ kò sì ní rí i mọ́ títí ẹ ó fi dé ilẹ̀. Kí ẹ tó ti síìpù pa, ẹ kọ́kọ́ yọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: aṣọ àárọ̀ ọjọ́ kejì látòkè délẹ̀, bàtà, jákẹ́ẹ̀tì, àti báàgì ọwọ́ tí páásípọ́ọ̀tù àti oògùn wà nínú rẹ̀. Bàtà ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ẹ gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn níwájú ara yín kí ẹ tó gbé àpótí jáde.

Bí fleece tàbí ìbọ̀sẹ̀ bá ṣì tutù, inú ọ̀rá ni kí ẹ fi sí, kí ẹ sì tú u sá ní kété tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ó sùn. Bí ó bá jókòó nínú àpótí títí dé Àbújá, ó ti bu nìyẹn.